Nọ́ńbà ojú-ìwé kò tò: "#" ló ń hàn, orí kìíní sì bẹ̀rẹ̀ láti 13

Atẹ̀wé Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo máa fọwọ́ ara mi tò nìyí. Scribus, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ìwé, ni mo ń lò, ojú-ìwé ìwé náà sì jẹ́ 196. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wà nílẹ̀, àwòrán ti wọlé, nọ́ńbà ló kù. Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ọjọ́ kẹta rèé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ya àpótí kékeré sí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, mo sì ń tẹ nọ́ńbà sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo dé 74 ni ẹni tó ni ìwé ní kí n fi ojú-ìwé méjì kún orí kejì. Gbogbo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ di irọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo wá gbọ́ pé "Master Page" ló yẹ kí n lò. Mo dé ibẹ̀, mo fi nọ́ńbà sí i, "#" ló gbé jáde fún mi. Nígbà tí mo padà sínú ìwé, nọ́ńbà wà lápá ọ̀tún, apá òsì ṣófo. Ibi tí orí kìíní ti bẹ̀rẹ̀ ń jẹ́ 13, bẹ́ẹ̀ 1 ni mo fẹ́ kó jẹ́. Mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti àwọn ojú-ìwé tó wà níwájú máa jẹ́ i, ii, iii.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Baba Atẹ̀wé

Ẹ kú ìforítì. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ mọ́. "#" tí ẹ rí yẹn kì í ṣe àṣìṣe, òun gan-an ni nọ́ńbà. Ẹ fojú wo "Master Page" bíi bébà kan tí a tẹ́ sábẹ́ gbogbo ojú-ìwé yòókù: ohun tó bá wà lára rẹ̀ ló ń hàn lára gbogbo wọn. Bébà ìsàlẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ojú-ìwé kan nínú ìwé, nítorí náà kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. "#" kàn ń di àyè mú ni. Tí ẹ bá jáde kúrò níbẹ̀, ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan á fi nọ́ńbà tirẹ̀ sí àyè náà, yálà ẹ fi méjì kún orí kejì tàbí ẹ yọ mẹ́wàá kúrò.

Ìdí tí apá òsì fi ṣófo ni pé, nígbà tí ìwé bá jẹ́ olójú méjì tó kọjú síra, Scribus máa ń ní bébà ìsàlẹ̀ méjì: "Normal Left" fún òsì, "Normal Right" fún ọ̀tún. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ ṣe. Ẹ lọ sí "Edit", ẹ tẹ "Master Pages", ẹ ṣí "Normal Left" nínú fèrèsé kékeré tó bá jáde. Ẹ ya àpótí ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì títí ẹ ó fi rí àmì ìkọ̀wé tó ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lọ sí "Insert", kí ẹ yan "Character", kí ẹ wá yan "Page Number". Lórí kíbọ́ọ̀dù, Ctrl, Alt, Shift àti P ni ẹ ó tẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ fún mi pé "Page Number" kò ṣeé tẹ̀ nínú mẹ́nù tiwọn. Wọn kò tẹ àpótí lẹ́ẹ̀mejì ni. Scribus kò mọ ibi tí òun máa kọ ọ́ sí.

Ẹ má ṣe da ti ọ̀tún kọ sí òsì bó ṣe wà o. Nọ́ńbà òsì yẹ kó fara ti etí òsì, ti ọ̀tún kó fara ti etí ọ̀tún. Ẹni tó ń wá ojú-ìwé kan máa ń fi àtàǹpàkò ṣí etí ìwé ni, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń lọ. Nọ́ńbà tó bá wọ inú, níbi tí a ti di ìwé pọ̀, ìwé tó nípọn á gbé e mì. Bí ẹ bá fẹ́ kó wà láàárín gbùngbùn, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà láàárín fún méjèèjì.

Atẹ̀wé Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá. Òsì ti ní nọ́ńbà báyìí, inú mi dùn débi pé mo lọ láti 1 dé 196, mò ń wò wọ́n. Ó wá ku ọ̀rọ̀ 13 yẹn. Ṣé kí n ya ìwé náà sí fáìlì méjì ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Gboyè

Ohun tí èmi ṣe nígbà tí tèmi dà báyìí ni pé mo fi àpótí funfun bo nọ́ńbà àwọn ojú-ìwé tó wà níwájú, mo sì tẹ i, ii, iii sórí rẹ̀. Ó jáde dáadáa nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Aṣàyẹ̀wò

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń ka PDF tí àwọn ènìyàn bá tò kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, mo sì mọ ohun tí àpótí funfun máa ń dá sílẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lọ síbì kan. Tí ènìyàn bá wá ọ̀rọ̀ nínú PDF náà, tàbí tó da ọ̀rọ̀ kọ síbòmíràn, á bá a pàdé. Ẹni tí kò ríran tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sókè á gbọ́ nọ́ńbà méjì lórí ojú-ìwé kan, èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Bí ojú-ìwé kan bá sì sún síwájú, àpótí funfun á sún pẹ̀lú rẹ̀, iii á wá di ohun tó wà níbi tí iv yẹ kó wà.

Baba Atẹ̀wé

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdí láti bo nǹkan, kò sì sí ìdí láti ya fáìlì sí méjì.

Ohun méjì tó yàtọ̀ ni nọ́ńbà ojú-ìwé, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ibi tó jókòó sí àti bó ṣe rí lójú: fọ́ọ̀ntì, ìwọ̀n, òsì tàbí ọ̀tún. "Master Page" ló ni ìyẹn. Èkejì ni bí a ṣe ń kà á: ibi tí 1 ti bẹ̀rẹ̀, bóyá nọ́ńbà Róòmù ni tàbí nọ́ńbà lásán. "Sections" ló ni ìyẹn, bébà ìsàlẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nínú wàhálà mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá bá mi lórí nọ́ńbà, mẹ́jọ ló jẹ́ pé ẹni náà ń wá ìdáhùn èkejì nínú ilé àkọ́kọ́.

Kí n tó sọ ohun tí ẹ ó tẹ̀, ẹ kọ àwọn ojú-ìwé iwájú yín síbí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra.

Atẹ̀wé Tuntun

Báyìí ni wọ́n ṣe tò: 1 jẹ́ àkọlé nìkan. 2 ṣófo. 3 ni àkọlé pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé. 4 ni ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ àti ilé ìtẹ̀wé. 5 ni ibi tí òǹkọ̀wé ti fi ìwé ta ìyá rẹ̀ lọ́rẹ. 6 ṣófo. 7 àti 8 ni àkóónú. 9 àti 10 ni ọ̀rọ̀ ìṣáájú. 11 ni ìdúpẹ́. 12 ṣófo. Orí kìíní bọ́ sí 13.

Baba Atẹ̀wé

Ẹni tó kọ́ yín bí a ṣe ń to iwájú ìwé kọ́ yín dáadáa. 13 bọ́ sí apá ọ̀tún, ibẹ̀ ló sì yẹ kí orí kìíní ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lọ sí "File", "Document Setup", kí ẹ wá yan "Sections". Ẹ ó rí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀ tó lọ láti 1 dé 196. Ẹ fi ìlà méjì kún un, kí wọ́n di mẹ́ta.

Ìlà kìíní: "From" 1, "To" 4, "Style" i, ii, iii, "Start" 1. Ẹ mú àmì kúrò nínú "Shown". Ojú-ìwé mẹ́rin yìí ni a máa ń kà tí a kì í kọ nọ́ńbà sí lára. Àkọlé ìwé kò nílò nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú-ìwé ẹ̀tọ́.

Ìlà kejì: "From" 5, "To" 12, i, ii, iii kan náà, ṣùgbọ́n "Start" jẹ́ 5. Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀. Tí ẹ bá fi 1 sí "Start", ojú-ìwé karùn-ún yín á di i, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ti kọjá ṣáájú rẹ̀. Bí a kò tilẹ̀ kọ nọ́ńbà sí wọn lára, a ti kà wọ́n. Fífi nǹkan pamọ́ yàtọ̀ sí fífò ó. Nítorí náà v ló máa hàn níbi ìfìwé-ta-ni-lọ́rẹ, á sì parí sí xii.

Ìlà kẹta: "From" 13, "To" 196, "Style" 1, 2, 3, "Start" 1. Orí kìíní á di 1, ojú-ìwé tó kẹ́yìn ìwé á di 184.

Ojú-ìwé 6 àti 12 tó ṣófo yẹ kó ṣófo pátápátá. Ẹ ṣe bébà ìsàlẹ̀ tuntun tí kò ní nǹkan kan lára, ẹ pè é ní "Òfìfo", kí ẹ fi í sí àwọn méjèèjì láti "Page", "Apply Master Page". Kíkà á máa lọ bó ṣe ń lọ, ara wọn nìkan ló máa mọ́.

Olóòtú Ìwé Ìròyìn

Ẹ jẹ́ kí n fi ti InDesign, ètò ìtòwé mìíràn, kún un, torí mo mọ̀ pé àwọn mìíràn á ka ìjíròrò yìí tí wọn kì í lo Scribus.

Ọgbọ́n kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní "Master Page" tẹ́lẹ̀ ti di "Parent Page" nínú àwọn ẹ̀yà tuntun. Dípò "#", lẹ́tà orúkọ bébà ìsàlẹ̀ yẹn lẹ ó rí, A fún A-Parent, B fún B-Parent. Ẹ má bẹ̀rù A yẹn. Tó bá jẹ́ pé "PB" lẹ rí, ó túmọ̀ sí pé àpótí yín ti bọ́ sẹ́yìn bébà, kò sí lórí ojú-ìwé kankan, ẹ fà á padà. "Type", "Insert Special Character", "Markers", "Current Page Number" ni ọ̀nà rẹ̀. Ctrl, Alt, Shift àti N ló sì yá jù lórí Windows. Kíkà wà nínú "Layout", "Numbering & Section Options". Ẹ kọ́kọ́ tẹ ojú-ìwé tí apá tuntun máa bẹ̀rẹ̀ nínú pánẹ́ẹ̀lì "Pages" kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ wá fi 1 sí "Start Page Numbering at".

Ohun tó máa ń dá iṣẹ́ àwọn oníwèé ìròyìn rú jù ni èyí: nọ́ńbà wà níbi gbogbo àfi lórí ojú-ìwé tí àwòrán ńlá bo láti etí dé etí. Kò sọnù. Ohun tó bá wà lórí bébà ìsàlẹ̀ máa ń wà lábẹ́ ohun tó wà lórí ojú-ìwé fúnra rẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà nínú "Layer" (ìpele) kan náà. Àwòrán ló jókòó lé nọ́ńbà lórí. Ẹ ṣe "Layer" tuntun kan, ẹ gbé e sókè ju gbogbo èyí tó kù lọ, kí ẹ padà sórí "Parent Page", kí ẹ gbé àpótí nọ́ńbà sínú rẹ̀. Á hàn lórí àwòrán láti ìgbà náà lọ. Tí àwòrán bá dúdú, ẹ ṣe "Parent Page" kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ funfun, kí ẹ fi í sí àwọn ojú-ìwé wọ̀nyẹn nìkan.

Ohun mìíràn ni àpótí tó kéré jù. Nọ́ńbà oníkan wọ̀ ọ́, oníméjì wọ̀ ọ́, nígbà tó dé 100 kò gbà á mọ́, ó sì pòórá. Nọ́ńbà Róòmù tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé lẹ́tà mẹ́fà ni xxviii. Ẹ ya àpótí tó fẹ̀ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Àyè tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kò ní ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

Ìyá Oníwèé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ "Layer" yìí. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí mo ti ń fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà sórí àwọn ojú-ìwé alàwòrán.

Ìbéèrè tèmi: InDesign ni mo ń lò, nígbà tí mo fẹ́ tẹ ojú-ìwé 1 dé 4 sórí bébà, kò yé mi èwo ló fẹ́ tẹ̀. Apá méjì nínú ìwé mi ló ní 1.

Olóòtú Ìwé Ìròyìn

Ẹ fi àmì "+" síwájú rẹ̀, àǹtí. "+1" túmọ̀ sí ojú-ìwé àkọ́kọ́ pátápátá nínú fáìlì, láìwo ohun tí a kọ sí i lára. Tí apá iwájú ìwé yín bá jẹ́ ojú-ìwé 12, "+13" ni orí kìíní. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì "Pages" fúnra rẹ̀ máa fi kíkà àtìbẹ̀rẹ̀ hàn yín nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ sí "Preferences", "General", kí ẹ yí "Page Numbering" sí "Absolute Numbering". Ohun tí ẹ̀yin ń rí lórí kọ̀ǹpútà nìkan nìyẹn ń yí, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé kò ní yí padà.

InDesign á sì kìlọ̀ fún yín nígbà tí apá méjì bá ní nọ́ńbà kan náà tí ìrísí wọn kò yàtọ̀. Ẹ má gbójú fo ìkìlọ̀ yẹn. Bí ọ̀kan bá ń lo i, ii, iii, kò ní sí ìkìlọ̀, nítorí pé i kò lè dà bí 1 lójú ẹnikẹ́ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gboyè

Mo ti gbà pé kí n fi àpótí funfun sílẹ̀. Ẹ wá ràn mí lọ́wọ́ níbi tí mo wà. LibreOffice Writer ni mo fi ń kọ ìwé àṣekágbá mi. Mo ti mú kí orí kìíní bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó hàn dáadáa lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ di PDF, ojú-ìwé funfun kan yọ jáde ṣáájú orí kìíní. N kò rí i nínú fáìlì, n kò sì lè pa á rẹ́.

Aṣàyẹ̀wò

Apá iwájú yín parí sí nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì, àbí? vii tàbí ix?

Akẹ́kọ̀ọ́ Gboyè

Bẹ́ẹ̀ ni, vii ni. Báwo lẹ ṣe mọ̀?

Aṣàyẹ̀wò

Torí ohun tó ń fà á nìyẹn. 7 wà lápá ọ̀tún, 1 náà gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún, ọ̀tún méjì kò sì lè tẹ̀ léra. Writer ló fi ojú-ìwé òfìfo sáàárín wọn fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sójú méjì bébà, ohun tó ṣe dára, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú kan bébà lẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí, tàbí PDF nìkan lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́ di PDF, ẹ mú àmì kúrò nínú "Export automatically inserted blank pages". Ó tán.

Mo rò pé ẹ fi "Manual Break" (fífi ọwọ́ gé ojú-ìwé) pẹ̀lú "Change page number" (yíyí nọ́ńbà rẹ̀ padà) ṣe é, ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn. Kókó ohun tó wà nínú Writer ni pé ìrísí ojú-ìwé, ohun tí wọ́n ń pè ní "Page Style", gbọ́dọ̀ yàtọ̀ fún apá iwájú àti fún ara ìwé. Ọ̀kan á lo nọ́ńbà Róòmù, ìkejì á lo nọ́ńbà lásán. Fún ẹni tó bá ń lo Word, "Section Break", ìyẹn ibi tí a ti gé ìwé sí apá-apá, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ohun tó sì máa ń gbé àwọn ènìyàn ṣubú níbẹ̀ ni "Link to Previous", tó so apá tuntun mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ kò bá mú un kúrò ní ìsàlẹ̀ apá tuntun, gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe síbẹ̀ á tún máa yọ nínú apá àtijọ́. Ojú-ìwé òsì àti ọ̀tún ní "Link to Previous" tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí ẹ bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ yẹ méjèèjì wò.

Ìyá Oníwèé

Kí ló dé tí 1 fi gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún? Mo ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí.

Baba Atẹ̀wé

Ẹ mú bébà kan, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì bí ìwé. Ewé àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣí, iwájú rẹ̀ wà lápá ọ̀tún yín, òun ni 1. Ẹ yí ewé náà, ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ sí òsì, òun ni 2. Ewé tó tẹ̀ lé e, 3 ló kọjú sí yín lápá ọ̀tún. Báyìí ni yóò máa rí títí ìwé fi máa parí. Ewé kan, ojú méjì. Tí ẹ bá fipá mú 1 lọ sí òsì, a jẹ́ pé 1 àti 2 kò sí lára ewé kan náà mọ́, nǹkan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara gbúnra láàárín yín àti ilé ìtẹ̀wé.

Kódà, ewé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà, kì í ṣe ojú-ìwé. Ní 1470, Arnold Ther Hoernen, atẹ̀wé kan ní ìlú Cologne ní Jámánì, tẹ ìwé kan tó fi nọ́ńbà sí lára, ewé kọ̀ọ̀kan ló sì fún ní nọ́ńbà. Ó pẹ́ kí kíkà ojú méjèèjì tó di àṣà láàárín àwọn atẹ̀wé. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn torí ó fi hàn pé àwọn tó ṣáájú wa náà jókòó, wọ́n sì rò ó.

Ó rán mi létí ohun kan tí mo fẹ́ sọ fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò yìí. Ẹ ní ojú-ìwé yín jẹ́ 196. Ó ṣeé pín sí 4, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé máa ń tẹ ojú-ìwé 16 pọ̀ sórí bébà ńlá kan, wọ́n á wá ká a, wọ́n á gé e. 16 lọ́nà 12 jẹ́ 192. Mẹ́rin ṣẹ́ kù. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó parí nọ́ńbà: ṣé wọ́n lè tẹ mẹ́rin yẹn lọ́tọ̀, àbí wọ́n fẹ́ kí ẹ dín in kù sí 192, àbí kí ẹ fi òfìfo kún un dé 208? Bí ìdáhùn bá yí iye ojú-ìwé padà, ẹ ní láti padà wo "From" àti "To" nínú "Sections". Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi "Sections" ṣe ìkẹyìn nínú iṣẹ́ mi.

Ẹ fi ẹ̀yìn ìwé, ìyẹn èèpo rẹ̀, sínú fáìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá kó èèpo mọ́ inú ìwé, èèpo yẹn ló ń gba nọ́ńbà 1 láìsọ fún un, gbogbo ọ̀tún á wá di òsì.

Olóòtú Ìwé Ìròyìn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé nọ́ńbà sún mọ́ etí bébà jù. Ẹ̀rọ tó ń gé ìwé lè fi díẹ̀ tàsé, nọ́ńbà tó sì wà létí gan-an ni yóò kọ́kọ́ fojú hàn pé ó tàsé. Èmi kì í jẹ́ kí tèmi wọ ààyè mìlímítà 10 sí ibi tí a máa gé. Tí ẹ bá sì ń fi PDF ránṣẹ́, kí ó jẹ́ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má ṣe so òsì mọ́ ọ̀tún. Ilé ìtẹ̀wé ló mọ bí wọn á ṣe tò ó sórí bébà ńlá.

Atẹ̀wé Tuntun

Mo ti padà dé. Ìlà mẹ́ta náà ti wọlé, v hàn níbi tó yẹ, orí kìíní ti di 1! Mo kọ̀wé sí ilé ìtẹ̀wé, wọ́n ní àwọn lè tẹ mẹ́rin tó kù lọ́tọ̀, nítorí náà 196 dúró.

Ohun méjì ló kù. Lójú-ìwé tí orí kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, òǹkọ̀wé ní òun kò fẹ́ orúkọ ìwé lókè, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí nọ́ńbà wà nísàlẹ̀. Èkejì, mo fẹ́ kí "Ojú-ìwé" wà níwájú nọ́ńbà, àmì orí rẹ̀ sì ń jáde bí àpótí òfìfo.

Baba Atẹ̀wé

Ti àkọ́kọ́, bébà ìsàlẹ̀ mìíràn ni. Ẹ da "Normal Right" kọ, ẹ pè é ní "Ìbẹ̀rẹ̀ Orí", ẹ yọ orúkọ ìwé kúrò lókè rẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀, kí ẹ wá fi í sí ibi tí orí kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Bí orí kan bá bẹ̀rẹ̀ lápá òsì, ẹ ó nílò ti òsì náà.

Ti èkejì, fọ́ọ̀ntì yín ni kò ní lẹ́tà tó gbé àmì ohùn lórí. Ẹ dán òmíràn wò. Ẹ tẹ gbogbo "ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, ṣ" sínú rẹ̀ kí ẹ tó yàn án, torí bí orúkọ ìwé bá máa wà lókè ojú-ìwé, àwọn wọ̀nyẹn á nílò rẹ̀ pẹ̀lú. Tí ó bá jẹ́ Scribus 1.4 lẹ ṣì ń lò, ẹ gbé e lọ sí 1.6, ó mọ bí a ṣe ń gbé àmì lé lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ ìmọ̀ràn mi, ẹ fi nọ́ńbà nìkan sílẹ̀. Ẹni tó ń ka ìwé mọ̀ pé ojú-ìwé ni.

Aṣàyẹ̀wò

Mo gbà pẹ̀lú Baba.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tún àkóónú tó wà ní vii àti viii wò. Ìgbà tí ẹ kọ ọ́, 13 ni orí kìíní ń jẹ́. Bí ẹ kò bá tún un kọ, gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ ti fi 12 lé síi. Ẹ má ṣe kàn yọ 12 kúrò lára wọn o. Ẹ ṣí orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ohun tó wà lára ojú-ìwé náà gan-an, torí ẹ ti fi ojú-ìwé méjì kún orí kejì láàárín. Bí ìwé bá sì ní ibi tó sọ pé "ẹ wo ojú-ìwé 60", ẹ wá gbogbo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí jù, torí pé nínú ìpínrọ̀ ló wà, ojú kì í tètè rí i.

Nígbà tí ẹ̀yin àti òǹkọ̀wé bá sì ń bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí àtúnṣe, ẹ jọ fẹnu kò lórí nọ́ńbà tí ẹ ó máa pè. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ojú-ìwé ni kí ẹ máa pè, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ PDF ń kọ lókè, torí láti ojú-ìwé àkọ́kọ́ inú fáìlì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kà. Mo ti rí òǹkọ̀wé kan tó kọ àtúnṣe 40 ránṣẹ́, gbogbo wọn ló sì bọ́ sí ojú-ìwé tí kì í ṣe tiwọn.

Atẹ̀wé Tuntun

Mo ti tún àkóónú tò. Mẹ́rin nínú orí mọ́kànlá ni nọ́ńbà wọn kì bá tọ̀nà ká ní mo kàn yọ 12 kúrò. Mo rí "ẹ wo ojú-ìwé" mẹ́fà nínú ìwé náà, mo ti tún gbogbo wọn ṣe. Mo fi "Ojú-ìwé" sílẹ̀, nọ́ńbà nìkan ló wà báyìí. Mo tẹ ojú-ìwé 20 àkọ́kọ́ sójú méjì bébà nílé, mo ká wọn, mo sì ń ṣí wọn bí ìwé: 1 wà lọ́tùn-ún, 2 wà lẹ́yìn rẹ̀. PDF náà máa lọ lówùúrọ̀ ọ̀la. Ẹ ṣé o, gbogbo yín.